Bóyá Kì í Ṣe Ìdí: Ọgbọ́n Tí A Fi Ń Tú Sùdókù Tí Ó Le

Àwọn àgbà ní àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a fẹ́ràn eré Sùdókù wí gidigidi. Bí eré náà bá rọrùn, kíá ni a ti parí rẹ̀, a ó sì máa fi ọwọ́ sọ àyà pé a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá le, tí àwọn àyè tí ó ṣófo pọ̀, tí ojú sì ń pòòyì, nígbà náà ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí dá àbá bí ikán: “Bóyá 6 ni ó wà níbí, bóyá 8 ni.” A ó kọ ọ́, a ó tẹ̀ síwájú, nígbà tí ó bá sì kù díẹ̀ kí a parí, a ó rí i pé 4 méjì ti dúró sí ojú ìlà kan ṣoṣo. A ó bínú, a ó ju pẹ́ńsù nù, a ó sì wí pé ẹni tí ó ṣe eré náà ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Kì í ṣe àwọn ẹlòmíràn nìkan ni a ń bá wí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwa pàápàá. Ní ọjọ́ kan ní ilé iṣẹ́ wa, a jókòó ti Sùdókù kan tí ó le, a sì parí rẹ̀ kí àkókò oúnjẹ ọ̀sán tó tó. Bí a ti ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa wò ó láti ẹ̀yìn wa, ó na ìka sí àyè kan ní àárín, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé 6 ni ó wà níhìn-ín?” A la ẹnu, a kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé a kò mọ̀. Àbá ni a dá, àbá náà sì bọ́ sí i. Iṣẹ́ olùkọ́ ni a kọ́ kí a tó di oníwèé ìròyìn, a sì mọ ohun tí a máa ń sọ fún ọmọ ilé-ìwé tí ó bá mú ìdáhùn tí ó tọ̀nà wá, ṣùgbọ́n tí kò lè ṣàlàyé ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀. Ojú tì wá.

Nítorí náà ni a ṣe mú kálàmù wa lónìí. Ohun tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa kò ju ẹyọ kan lọ: nínú Sùdókù tí a ṣe dáadáa, bí ó ti wù kí ó le tó, kò sí nọ́ńbà kan tí kò ní ìdí tí ó fi wà níbi tí ó wà. Iṣẹ́ ẹni tí ń tú u ni láti wá ìdí náà rí. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀ta kì í gbọ́n ọmọ ayò kúrò nínú ihò kan kí ó tó mọ ibi tí èyí tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí. Òpè ni í kó o kí ó tó máa wòye. Bákan náà ni ó rí nínú eré yìí.

IBI TÍ ERÉ NÁÀ TI WÁ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ará Japan ti ń ṣe Sùdókù, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń ya àwòrán ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ Indiana, Howard Garns, ni a gbà pé ó pilẹ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Dell tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979, Number Place sì ni orúkọ tí wọ́n fún un. Ní 1984 ni ilé iṣẹ́ Nikoli gbé e wọ Japan. Níbẹ̀ ni ó ti gba orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é lónìí, èyí tí a gé kúrú láti inú gbólóhùn kan tí ó túmọ̀ sí pé kí nọ́ńbà máa wà ní àpọ́n. Wayne Gould, ọmọ New Zealand tí ó ti ṣe adájọ́ ní Hong Kong, rí eré náà ní Tokyo ní 1997. Ó fi ọdún mélòó kan ṣètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣe é jáde, ó sì gbé e tọ ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ọjọ́ 12 oṣù November, 2004, ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní ìlú Lucca ní Ítálì, ní 2006, obìnrin kan láti ilẹ̀ Czech, Jana Tylová, ni ó sì gba ipò kìíní.

Fún ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí, a ó fi ilé gbígbé ṣe àpẹẹrẹ. Agboolé mẹ́sàn-án ni ó wà nínú Sùdókù, yàrá mẹ́sàn-án ni ó sì wà nínú agboolé kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ yàrá jẹ́ 81. Àwọn yàrá wọ̀nyí tò ní ìlà ìbú mẹ́sàn-án àti ìlà òró mẹ́sàn-án. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà: nọ́ńbà 1 títí dé 9 gbọ́dọ̀ wà nínú ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan, nínú ìlà òró kọ̀ọ̀kan, àti nínú agboolé kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tí yóò wà ní ẹ̀ẹ̀mejì. A ti kọ díẹ̀ nínú àwọn nọ́ńbà náà sílẹ̀ fún wa, àwa ni a ó wá ìyókù.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ UN LE

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èrò òdì méjì kúrò lọ́nà. Èkíní ni ti àwọn tí ń wí pé, “Èmi kò mọ ìṣirò, n kò lè ṣe é.” Kò sí ìròpọ̀ tàbí ìyọkúrò kankan nínú Sùdókù. Bí a bá kó gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ kúrò, tí a sì fi A, B, D, E, Ẹ, F, G, GB àti H dípò wọn, eré náà kò yí padà rárá. Ìrònú ni ó ń fẹ́, kì í ṣe ìṣirò.

Èkejì ni ti àwọn tí ó rò pé iye nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ ni a fi ń mọ bí ó ti le tó. Òtítọ́ ni pé nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kò lè kéré ju ìwọ̀n kan lọ. Ní 2012, Gary McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College Dublin ní ilẹ̀ Ireland fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n sì fi hàn pé kò sí Sùdókù tí a kọ nọ́ńbà 16 péré sí tí ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. 17 ni ó kéré jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣe é pẹ́ yóò ti bá èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tí ó rọrùn pàdé, yóò sì ti bá èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí ó fún un lórí sínú pàdé pẹ̀lú. Kódà, a lè kọ nọ́ńbà 77 sílẹ̀, kí ó ku yàrá mẹ́rin péré, kí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Bí yàrá mẹ́rin náà bá wà ní igun mẹ́rin lórí ìlà ìbú méjì àti ìlà òró méjì, nínú agboolé méjì, tí ó sì jẹ́ 3 àti 5 nìkan ni ó kù fún wọn, a lè gbé 3 sí ibi tí 5 wà, kí a sì gbé 5 sí ibi tí 3 wà, òfin kan kò sì bàjẹ́.

Ohun tí ó ń mú Sùdókù le ni irú ìdí tí a gbọ́dọ̀ wá rí kí a tó lè kọ nọ́ńbà tí ó kàn. Ìdí mìíràn hàn gbangba, òmíràn sì fara pamọ́. Ní 2005, Bertram Felgenhauer àti Frazer Jarvis ka iye ọ̀nà tí a lè gbà kún yàrá 81 náà láì rú òfin. Wọ́n rí 6,670,903,752,021,072,936,960. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi bóyá-bóyá wá ẹyọ kan nínú wọn, a kí i kú ewu.

ÌBÉÈRÈ MÉJÌ

Ìbéèrè méjì ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọgbọ́n yòókù. Èkíní ni a ń bi yàrá pé: “Nọ́ńbà wo ni ó lè wọ inú rẹ?” Bí 1, 4 àti 9 bá ti wà lórí ìlà ìbú yàrá kan, tí 2, 6 àti 8 wà lórí ìlà òró rẹ̀, tí 3 àti 5 sì wà nínú agboolé rẹ̀, 7 nìkan ni ó kù. A kò dá àbá. A ti lé mẹ́jọ kúrò.

Èkejì ni a ń bi nọ́ńbà pé: “Yàrá wo ni ó kù fún ọ níhìn-ín?” Ó lè jẹ́ pé yàrá mẹ́rin ni ó ṣófo nínú agboolé kan, ṣùgbọ́n tí 8 ti wà lórí àwọn ìlà tí ó gba inú mẹ́ta nínú wọn kọjá. Yàrá kẹrin ni ti 8 nìyẹn, ì báà jẹ́ pé nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn dà bí ẹni pé ó lè wọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe Sùdókù kì í béèrè ju ọ̀kan lọ nínú ìbéèrè méjèèjì, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń rò pé ọ̀nà ti dí.

Bí ìbéèrè méjèèjì kò bá mú nǹkan jáde mọ́, àkókò tó láti mú pẹ́ńsù tí ẹnu rẹ̀ mú, kí a sì fi nọ́ńbà kéékèèké kọ gbogbo àwọn olùdíje sí igun yàrá kọ̀ọ̀kan tí ó ṣófo. Olùdíje ni a pe nọ́ńbà tí òfin kò tíì lé kúrò nínú yàrá náà. Iṣẹ́ yìí ń gba sùúrù, ẹlòmíràn a sì máa kánjú rẹ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fo olùdíje kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀rí tí a ó gbé ka orí rẹ̀ ti di ẹ̀rí èké. Bí a bá sì kọ nọ́ńbà kan tán, a gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ lọ́gán nínú gbogbo yàrá tí ó bá a pín ìlà tàbí agboolé.

Láti ìgbà yìí lọ, iṣẹ́ wa yí padà díẹ̀. A kò tún máa wá ibi tí a ó kọ nọ́ńbà sí nìkan. A ń wá olùdíje tí a lè lé kúrò pẹ̀lú ìdí. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé lílé ẹyọ kan kúrò jẹ́ ìtẹ̀síwájú kò ní kánjú dá àbá.

NỌ́ŃBÀ TÍ A MỌ ÀDÚGBÒ RẸ̀

Ọgbọ́n kìíní nìyí. Ẹ wo agboolé tí ó wà ní igun òsì lókè. Ká ní 5 kò lè wọ ibòmíràn níbẹ̀ ju yàrá méjì tí ó wà lórí ìlà ìbú kìíní lọ. A kò tíì mọ èwo nínú méjèèjì ni yóò gbà, ṣùgbọ́n a ti mọ̀ dájú pé inú agboolé yìí ni 5 ti ìlà ìbú kìíní wà. Nítorí náà, a ó pa 5 rẹ́ nínú gbogbo yàrá yòókù lórí ìlà náà, nínú agboolé méjì tí ó tẹ̀lé e. A kò mọ yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ àdúgbò rẹ̀, èyí nìkan sì ti tó ṣe iṣẹ́ fún wa.

A tún lè yí i po. Bí ó bá jẹ́ pé lórí ìlà kan, inú agboolé kan ṣoṣo ni 5 ti lè wà, kò lè sí 5 mọ́ nínú àwọn yàrá agboolé náà tí kò sí lórí ìlà yẹn.

ÀWỌN TÍ Ó JỌ Ń RÌN

Ọgbọ́n kejì ni ti nọ́ńbà tí ó jọ ń rìn. Ká ní lórí ìlà kan, yàrá méjì wà tí ó jẹ́ 4 àti 7 nìkan ni olùdíje inú wọn. Bí 4 bá gba ọ̀kan, 7 ni yóò gba èkejì. Bí 7 bá sì gba ti àkọ́kọ́, 4 ni yóò gba ìyókù. Bí ó ti wù kí ó rí, nọ́ńbà méjèèjì ti parí lórí ìlà náà. Bí a bá wá rí yàrá kẹta lórí ìlà yìí tí olùdíje rẹ̀ jẹ́ 4, 7 àti 9, kí a yára kọ 9 sí i láìsí tàbí-ṣùgbọ́n.

Àwọn tí ó jọ ń rìn yìí a máa fara pamọ́ nígbà mìíràn. Nínú agboolé kan, yàrá kan lè ní 2, 3, 6 àti 8, kí òmíràn ní 1, 2, 6 àti 9. Ojú kò ní tètè rí nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi 2 àti 6 léèrè, tí a sì rí i pé àwọn méjèèjì kò ní ibòmíràn nínú agboolé náà ju yàrá méjì yìí lọ, a jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ni ín. A ó lé 3 àti 8 jáde nínú ọ̀kan, a ó sì lé 1 àti 9 jáde nínú èkejì.

Wọ́n lè jẹ́ mẹ́ta pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí i pé kò di dandan kí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí yàrá kan bá ní 1 àti 5, tí èkejì ní 5 àti 8, tí ẹ̀kẹta sì ní 1 àti 8, yàrá mẹ́ta ti gba nọ́ńbà mẹ́ta nìyẹn, kò sì sí yàrá mìíràn nínú ìlà tàbí agboolé wọn tí ó tún lè gba 1, 5 tàbí 8.

IGUN MẸ́RIN

Títí dé ibí yìí, inú ìlà kan tàbí agboolé kan ni a ti ń ronú. Ọgbọ́n tí ó kàn yìí ń mú wa wo ìlà méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní X-Wing. Ká ní lórí ìlà ìbú kejì, 8 kò lè wà níbòmíràn ju ìlà òró kẹta àti ìlà òró keje lọ. Ká tún ní lórí ìlà ìbú kẹfà, ìlà òró kẹta àti ìkeje kan náà ni 8 ti lè wà. Yàrá mẹ́rin yìí di igun mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí 8 ti ìlà ìbú kejì bá wà lórí ìlà òró kẹta, ti ìlà ìbú kẹfà kò lè wà níbẹ̀ mọ́. Orí ìkeje ni yóò lọ. Bí ó bá sì jẹ́ orí ìkeje ni ti ìlà ìbú kejì wà, orí ìkẹta ni ti ìkẹfà yóò lọ. Nínú ọ̀nà méjèèjì, ìlà òró kẹta ti rí 8 tirẹ̀ gbà, ìlà òró keje sì ti rí tirẹ̀ gbà. Nítorí náà, gbogbo 8 tí ó bá tún jẹ́ olùdíje lórí ìlà òró méjèèjì yìí, níbikíbi tí kì í ṣe igun mẹ́rin náà, kí a pa á rẹ́. Bí a bá lo ìlà mẹ́ta pẹ̀lú ìlà mẹ́ta dípò méjì pẹ̀lú méjì, ọgbọ́n kan náà ni. Swordfish ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Kí a ba lè rí igun mẹ́rin, ó dára kí a mú nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí a sì máa wo gbogbo ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí a rí àwọn tí nọ́ńbà náà kò ní ju àyè méjì lọ lórí wọn. Ẹni tí ń wo nọ́ńbà mẹ́sàn-án pọ̀ kò ní rí nǹkan kan.

ẸLẸ́RÌÍ MÉJÌ

A wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn ni. Ọgbọ́n tí a fẹ́ sọ báyìí, èyí tí a ń pè ní XY-Wing, dúró lórí gbígbọ́ ẹjọ́ apá méjèèjì. Ká ní yàrá tí ó wà níbi tí ìlà ìbú kìíní àti ìlà òró kìíní ti pàdé ní olùdíje méjì péré, 2 àti 5. Lórí ìlà ìbú kìíní yìí kan náà, yàrá tí ó wà ní ìlà òró kẹfà ní 2 àti 9. Lórí ìlà òró kìíní, yàrá tí ó wà ní ìlà ìbú karùn-ún ní 5 àti 9.

Kí a wá gbọ́ ẹjọ́. Bí yàrá àkọ́kọ́ bá jẹ́ 2, èyí tí ó ní 2 àti 9 kò lè jẹ́ 2 mọ́. 9 ni yóò jẹ́. Bí yàrá àkọ́kọ́ bá jẹ́ 5, èyí tí ó ní 5 àti 9 ni yóò jẹ́ 9. A kò mọ èwo ni yóò ṣẹ, ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí wa gbọ́dọ̀ jẹ́ 9. Nítorí náà, yàrá tí ó wà níbi tí ìlà ìbú karùn-ún àti ìlà òró kẹfà ti pàdé, èyí tí ó bá àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì pín ìlà, kò lè jẹ́ 9 láéláé. A ó pa á rẹ́ níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ni ìyẹn nìkan sì ń tó láti ṣí gbogbo eré náà sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A kò mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀kankan nínú yàrá mẹ́ta tí a wò, síbẹ̀ a mọ ohun tí kò lè sí nínú ẹ̀kẹrin. Èyí ni adùn eré yìí. Àìmọ̀ kò ní kí ènìyàn máà ní ìmọ̀ kankan, bí ó bá lè jókòó kí ó to ohun tí ó mọ̀ pọ̀.

ÀBÁ TÍ Ó DI ÒTÍTỌ́

Ẹnìkan lè bi wá pé, “Bí gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí bá kùnà ńkọ́?” Ìbéèrè rere ni. Àwọn Sùdókù kan wà tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí wọ́n le kọjá àlà. Onímọ̀ ìṣirò ará Finland kan, Arto Inkala, ṣe ọ̀kan tí àwọn oníwèé ìròyìn polongo ní 2012 pé òun ni ó le jù láyé. Nídìí irú èyí, igun mẹ́rin àti ẹlẹ́rìí méjì kò ní tó. A gbọ́dọ̀ wí pé: “Yàrá yìí, 3 tàbí 9 ni. Ká ní 3 ni, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?”

Ṣé kì í ṣe àbá náà nìyẹn? Àbá ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ tí a fẹ́ kí òǹkàwé wa dì mú ṣinṣin. Bí a bá gbà pé 3 ni, tí a tẹ̀lé e lọ ní ẹsẹ̀-n-tẹ̀lé, tí ó sì mú wa dé ibi ìtakora, bóyá yàrá kan tí kò ní olùdíje kankan mọ́, tàbí 7 méjì lórí ìlà kan, a ti ní ẹ̀rí pé kì í ṣe 3. Nígbà náà a ó padà, a ó sì kọ 9 pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀. Àbá tí ó já sí asán ti kọ́ wa ní òtítọ́ kan. Àwọn àgbà tí ó wí pé àbá ni ikán ń dá, àwọn náà ni wọ́n wí pé àbá ní í di òtítọ́. Òwe méjèèjì kò sì ta kora.

Ṣùgbọ́n bí a bá gbà pé 3 ni, tí ohun gbogbo sì lọ déédéé títí dé òpin, kí ni a mọ̀? A mọ̀ pé 3 bá a mu. A kò tíì fi hàn pé 9 kò lè bá a mu. Ìlérí ẹni tí ó ṣe eré náà, pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ní, nìkan ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi jẹ́ ojúṣe ìwé ìròyìn láti rí i dájú pé kò tẹ Sùdókù tí ìdáhùn rẹ̀ ju ọ̀kan lọ jáde, nítorí ó ti tan àwọn òǹkàwé rẹ̀ jẹ bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì wá ṣe pé àbá náà kùnà, tí a kò ti sàmì sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohun tí a mọ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ohun tí a kàn rò, a kò sì mọ ibi tí a ó padà sí. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti ba àádọ́ta yàrá jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò dá irú àbá yìí, kí ó ṣe é lórí ìwé mìíràn, tàbí kí ó fi pẹ́ńsù àwọ̀ mìíràn kọ ọ́, kí òtítọ́ àti èrò má baà jọ máa gbé yàrá kan náà.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ẹlòmíràn yóò wí pé kí ni gbogbo làálàá yìí wà fún, nígbà tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà lè tú Sùdókù tí ó le jù kí a tó ṣẹ́jú, tí ìwé ìròyìn sì máa ń tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ ìdáhùn ni a ń wá, òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yàrá 81 tí a kọ nọ́ńbà sí wúlò fún. Ohun tí ó wúlò ni ọkàn tí ó ti kọ́ láti bi ara rẹ̀ pé, “Báwo ni mo ṣe mọ̀?” kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ́ lára láti máa béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí eré, ó ṣeé ṣe kí ó máa béèrè rẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí wọ́n bá mú ìròyìn tí kò ní ẹsẹ̀ wá bá a, tàbí nígbà tí wọ́n bá ní kí ó dá ẹjọ́ aládùúgbò rẹ̀.

Àwa ń rọ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ pé, bí ọmọ bá mú Sùdókù tí ó ti parí wá fún yín, ẹ má ṣe yára yìn ín. Ẹ na ìka sí yàrá kan, kí ẹ bi í léèrè ìdí. Bí ó bá sọ ìdí rẹ̀, ẹ yìn ín tọkàntọkàn, ì báà jẹ́ pé ìdajì péré ni ó ṣe. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má bú u. Ẹ fún un ní rọ́bà tí a fi ń pa nǹkan rẹ́, kí ẹ sì jókòó tì í.

Ohun tí àwa náà ṣe nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ojú tì wá yẹn, a pa 6 náà rẹ́, a pa gbogbo ohun tí a kọ lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú, àwa àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì jókòó. Ó gbà wá ní nǹkan bí wákàtí kan. Igun mẹ́rin ni, ìlà ìbú kìíní àti ìkẹjọ ni ó sì fara pamọ́ sí. 6 kan náà ni a tún kọ síbẹ̀, kò yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlòmíràn nínú ilé iṣẹ́ wa ń kọjá lọ, tí ó sì béèrè bí a ṣe mọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó dá a lóhùn.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a máa wá ìdí.